Kọ́kọ́rọ́ Lọ́rùn Ewúrẹ́

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màámi ní kí n kí yín. Ó ní kí n sọ fún yín pé òun ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe, èyí tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣèlérí pé ẹ máa tún ṣe lọ́la. Ó ní kí n má kọ ọ́ bí ẹni tí ń bínú. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èyí tí kò ní ìbínú nínú, ẹ ṣáà gbọ́ pé kò jò mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tí í kọ lẹ́tà. Nígbà tí mo wà nílé ìwé gíga, tí ẹ bá ti rí lẹ́tà mi, ẹ ti mọ̀ pé gaàrí ló tán. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan ni mo lè rò ó fún tí kò ní kọ́kọ́ bi mí pé ṣé mo ti gbààwẹ̀ lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà kan ọtí, ó kan mọ́tò, ó sì kan ewúrẹ́. Ẹ̀bi tèmi náà wà nínú rẹ̀, kí n tètè sọ.

Ẹ ò lè gbàgbé Sájẹ́ǹtì. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, nígbà tá a ṣì ń gbé Ilo-Awela, tí àwọn ọ̀rẹ́ yín láti ibi iṣẹ́ ẹrù gbígbé bá ń gun alùpùpù wọn wọ àgbàlá wa, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan ife ẹmu kó tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó to gbogbo kọ́kọ́rọ́ sórí okùn kan, ẹ ó so okùn mọ́ ewúrẹ́ Màámi lọ́rùn, ẹ ó wá tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Ẹmu ń lọ, ẹ̀fẹ̀ ń lọ, Sájẹ́ǹtì ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ kiri, ọrùn rẹ̀ ń dún wooro-wooro. Ẹni tó bá fẹ́ máa lọ sílé, kó dìde kó lọ mú ewúrẹ́. Tó bá rí i mú, orí rẹ̀ ṣì pé, kó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Tí kò bá rí i mú, ẹní wà, bẹ́ǹṣì wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà sì wà níbẹ̀ tó lè fi rìn. Ẹ ò gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni lórí òfin yẹn.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Bàbá Rísì jórinjórin kúnlẹ̀ níwájú Sájẹ́ǹtì, tó na èèpo iṣu sí i? Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ." Sájẹ́ǹtì wò ó títí, ó jẹ èèpo iṣu, ó bá tirẹ̀ lọ. Orí bẹ́ǹṣì wa ni Bàbá Rísì sùn mọ́jú. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì kú, ọmọ rẹ̀ lẹ fi jẹ oyè, ṣùgbọ́n oyè Kọ́pùrù lẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó di ìgbà tó sá mọ́ ọkùnrin mẹ́rin lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó gbé e ga.

Ẹni tó máa ń di okùn náà mú kí ẹ tó tú ewúrẹ́ sílẹ̀ ni Bàbá Onígi. Igi tó fi ń rìn ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dáa. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín: mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Kì í mu ẹmu, kì í dá àpárá, síbẹ̀ òun lẹ máa ń kọ́kọ́ bu ẹran fún, èyí tó tóbi jù nínú ìkòkò, kó tó kan àwa ọmọ. Mo rò pé ọ̀jẹun lásán ni. Lọ́jọ́ kan mo gbé igi rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Ẹ nà mí lọ́jọ́ yẹn, ẹẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ nà mí láyé yín nìyẹn, ẹ ò sì sọ ìdí rẹ̀ ju pé mo jí igi àgbàlagbà lọ. Mo bínú sí yín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìlú ti yí padà lẹ́yìn yín. Oko ẹ̀gẹ́ tá a máa ń là kọjá lọ sí Ìjù ti di ìjọ, ti di yunifásítì, ti di ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tí ẹ bá ní kẹ́nì kan júwe ilé rẹ̀ fún yín, yóò ka pátákó ìjọ mẹ́ta kó tó kan ilé. Gbogbo àwọn ìjọ wọ̀nyí ló sì ń jókòó, Bàbá mi, orí àga wa ni wọ́n ń jókòó sí. Ilé iṣẹ́ àga oníke kan tí kò jìnnà sí ilé wa àtijọ́ ni mo wà báyìí, ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Bí ìjọ ṣe ń pọ̀ ni ọjà wa ń tà. A kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú ilé iṣẹ́ wa pé ÀGA TÍ KÌ Í ṢẸ́. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí a máa padà bá a.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ilé iṣẹ́ ṣe pátì fún wa nínú ọgbà, lọ́sàn-án Sátidé kan báyìí. Èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó jíjẹ àti mímu. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí, mo sì ra bíà bí ẹni pé wọ́n sọ pé kò ní sí mọ́ lọ́dún tuntun. Mánéjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, kì í mu bíà lójú èèyàn. Inú ife tíì ló ti ń mu ún. Gbogbo wa la mọ̀, a sì máa ń kí i pé ẹ kú tíì, sà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sílé gan-an ló ń ṣáájú ijó lọ́jọ́ náà, ìgò lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò lọ́wọ́ òsì.

Nígbà tí pátì parí, mánéjà ní kí gbogbo wa dìde fún àdúrà ìrìnàjò. Àdúrà náà gbóná. Ó fi ẹ̀jẹ̀ bo taya, ó fi bo bíréèkì, ó fi bo sítíárìn, ó dé orí wáyà tó wà nínú ẹ́ńjìnnì. À ń ṣe àmín lọ ràì, ìgò bíà lọ́wọ́ wa. Kò sẹ́ni tó rántí àwọn tó fẹ́ jókòó sídìí sítíárìn náà. Bá a ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, ó sì ti máa ń lọ dáadáa, àfi lọ́dún yìí.

Ọ̀gá Délé wá bá mi ní ọ́fíìsì lẹ́yìn àdúrà. Òun ni súpáfáísà níbi tí wọ́n ti ń po ike, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹẹ̀kan lọ́dún ló ń mutí, ó sì máa ń mu ti gbogbo ọdún náà pọ̀. Píkọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ ló ń gbé lọ sílé ní Ìjù. Ara ògiri tó wà lẹ́yìn mi ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọkọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń wà, èmi sì ni mò ń fà á fún wọn. Bí Ọ̀gá Délé ṣe wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí kábọ́ọ̀dù fáìlì pé, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ṣeun fún jollof." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Safe journey, sà."

Bàbá mi, èmi tí mo dàgbà lẹ́yìn ewúrẹ́ yín ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kí ló dé tí mi ò rántí? Ṣé torí pé ó jẹ́ ọ̀gá ni, àbí torí pé gbogbo wa ti ṣe àmín?

Kò dé Ìjù. Ìjọ kan wà lẹ́bàá títì tó ń múra ìsìn àkànṣe, wọ́n ti to àga sábẹ́ kánópì láti ẹ̀yìn dé iwájú. Píkọ́ọ̀pù yà kúrò lójú títì, ó la àárín àga já, ó sì dúró síwájú pẹpẹ gẹ́lẹ́. Àga wa ni àwọn àga náà, gbogbo èyí tó kàn ló ṣẹ́. Ọ̀gá Délé sọ̀ kalẹ̀, apá rẹ̀ ti kán, ó wá ọ̀kan tí kò tíì ṣẹ́ kó jókòó lé, ìyẹn náà ṣẹ́ mọ́ ọn nídìí. Pásítọ̀ rò pé ẹni tó fẹ́ fayé rẹ̀ fún Olúwa ni, ó sáré wá gbọ́wọ́ lé e lórí. Òórùn ẹnu rẹ̀ ló jẹ́ kó yára gbọ́wọ́ kúrò.

Mò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú sì ń tì mí, torí ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń nu àga. Ìyá Ìbùkún ni wọ́n ń pè é. Aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń gbà fọ̀, láti họ́sítẹ̀ẹ̀lì kan dé òmíràn, kò lọ́kọ, kò ní mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wá oúnjẹ. Ẹsẹ̀ náà ni píkọ́ọ̀pù wa kán. Bí ọkọ̀ náà bá yà sọ́tùn-ún díẹ̀ sí i ni, òkú rẹ̀ ni wọn ì bá gbé.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, mánéjà pè mí. Ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ojú Ọ̀gá Délé dá ṣáká nígbà tó kúrò ní pátì wa, pé ibòmíràn ló ti lọ mutí fúnra rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ náà kò kan ilé iṣẹ́ rárá. Èmi tí ọtí àti kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi ló kù kí n fọwọ́ sí i. Bí mo bá fọwọ́ sí i, wọ́n á lé Ọ̀gá Délé, ìtọ́jú Ìyá Ìbùkún á sì bọ́ sọ́rùn ọkùnrin tí kò níṣẹ́ mọ́, tí apá rẹ̀ kán. Lẹ́tà ìgbéga mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Mánéjà gbé Bíbélì lé méjèèjì kí atẹ́gùn fáànù má bàa gbé wọn lọ.

Ó ní, "My sister, company kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ó ti kọjá géètì wa. A tiẹ̀ gbàdúrà fún un kó tó lọ. What again?" Nígbà tó rí i pé mi ò mú bírò, ó ní tí mi ò bá fẹ́, kí n kọ̀wé tèmi, ṣùgbọ́n kí n máa wá iṣẹ́ mìíràn bí mo ṣe ń kọ ọ́ lọ. Mo ní kó fún mi láàyè di ọjọ́ kejì.

Mo tọrọ àyè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wọkọ̀ lọ bá Màámi ní Alapoti. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nínú ilé tí kò jò mọ́ yẹn. Kí n sòótọ́, mo ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà. Mo kàn fẹ́ kí Màámi sọ fún mi pé kò burú ni. Mo rò ó fún un tán, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lọ. Ó wá ní, "Bàbá Onígi ò fi igi rìn nígbà tá a kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

Bàbá mi, mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé òun náà wà lára àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbẹ́rù. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ìkómọ mi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bà jẹ́. Màámi ní ẹ̀yin lẹ ń bu ọtí fún un, pé inú yín dùn jù torí mo jẹ́ àkọ́bí, pé ẹ̀yin àti Bàbá Rísì lẹ dì í mú lápá kẹ́ ẹ tó lè gbé e gun alùpùpù, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń lọ. Inú gọ́tà tó wà ní kọ́nà ló lọ já sí. Ìbàdí rẹ̀ ló kán, kò sì padà sípò dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

Màámi ní fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lẹ fi ń sọ ọ́ kiri pé, "Ó ti kúrò nílé mi kó tó ṣubú." Ẹ ń sọ ọ́ fún ẹni tó bi yín, ẹ ń sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi yín. Títí di ọjọ́ tí ìyàwó ọkùnrin náà wá dá abọ́ tá a fi gbé oúnjẹ ìkómọ fún un padà. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ó gbé e kalẹ̀, ó kí yín, ó béèrè àlàáfíà ọmọ tuntun, ó gbé mi pọ̀n díẹ̀, ó sì lọ. Màámi ní ẹ ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ lọ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tó ń to egungun, ẹ sì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ títí tó fi rìn. Ọ̀sẹ̀ tó dìde tó fi igi rìn lẹ wá yá ewúrẹ́ Màámi, ẹ sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lọ́rùn.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé mi ò ní fẹ́ràn yín mọ́ ni? Tàbí ẹ ń dúró kí n dàgbà, tí ikú ò wá jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè? Mo jókòó ti ẹ̀gúsí Màámi, mo sunkún nítorí ẹran tí mo bá Bàbá Onígi ṣe ìlara rẹ̀. Màámi ní kí n má sunkún sínú ẹ̀gúsí òun.

Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbọ́ lẹ́nu mánéjà, Bàbá mi, ibi tó ti dùn mí jù nìyẹn. Ó ti kọjá géètì wa. Ó ti kúrò nílé mi. Mi ò fọwọ́ sí ìwé náà. Mo kọ tèmi. Mo kọ ọ́ pé ọtí ilé iṣẹ́ ló mu, nínú ọgbà ilé iṣẹ́, níbi pátì ilé iṣẹ́, pé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ sì ni èmi, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́, fà lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti kí kábọ́ọ̀dù fáìlì tó sì dúpẹ́ jollof lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ Ìyá Ìbùkún. Mo kọ ìtàn Sájẹ́ǹtì sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan mi sínú báàgì.

Mi ò tíì kó o tán tí ariwo fi sọ ní géètì. Pásítọ̀ ìjọ yẹn ló gbé tíípà wá, ó kún fún àga tó ṣẹ́. Ó ní kí wọ́n dà á sí abẹ́ ògiri wa gan-an, níbi tá a kọ ÀGA TÍ KÌ Í ṢẸ́ sí. Àwọn èèyàn ti ń yà á sínú fóònù. Ibẹ̀ ni Màdáámù tó ni ilé iṣẹ́, ìyá àgbà tí kì í wá ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, bá wa. Mánéjà sáré pàdé rẹ̀, ó ń ṣàlàyé pé Ọ̀gá Délé ti kọjá géètì wa kó tó ṣe jàǹbá, pé kò sí àga kankan láyé tí wọ́n ṣe fún kí píkọ́ọ̀pù jókòó lé. Màdáámù béèrè ta ló fún ẹni tó wa píkọ́ọ̀pù lọ́tí, ta ló fún un ní kọ́kọ́rọ́. Gbogbo èèyàn ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Èmi ni, mà." Mo na ìwé mi sí i.

Àárín àga tó ṣẹ́ náà ló dúró sí tó ń kà á. Nígbà tó dé orí ewúrẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mánéjà. Ó ní, "Adéṣínà, o ní ó ti kọjá géètì. Ṣé ọtí tá a fún un sọ̀ kalẹ̀ ní géètì ni?"

Ilé iṣẹ́ gba ìtọ́jú Ìyá Ìbùkún àti oúnjẹ ilé rẹ̀ títí tí yóò fi rìn. Ọ̀gá Délé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọkọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló sì fi ń lọ tún kánópì ìjọ ṣe. Èmi, wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀ nítorí kọ́kọ́rọ́ tí mo fà lé e lọ́wọ́, lẹ́tà ìgbéga mi sì padà sínú dúrọ́ọ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó tọ́ sí mi. Gbogbo Fúráídè ni mo máa ń lọ bá Ìyá Ìbùkún lọ aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì máa ń bi mí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní irú aṣọ lílọ̀ yìí?" Ó ti ń fi igi rìn, oníṣègùn sì ní yóò jù ú nù láìpẹ́.

Ìgbà tí Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ dé, tá a tún fẹ́ ṣe pátì, mánéjà ní àpótí tó ṣeé tì pa ti tó fún kíkó kọ́kọ́rọ́ sí. Màdáámù ní ewúrẹ́ ni òun kà nínú ìwé. Wọ́n bá ra ewúrẹ́ méjì, ọ̀kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan fún kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ti dì lẹ́sẹ̀. Ariwo tí mo pa gbà á là.

Ṣáájú ọjọ́ náà mo ti lọ sí Ilo-Awela, mo lọ kí Bàbá Onígi. Ó ti darúgbó gan-an, orí rẹ̀ funfun báláú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé èmi ni mo gbé igi rẹ̀ pamọ́ nígbà yẹn. Ó ní, "Mo mọ̀. Mò ń wò ọ́ láti orí bẹ́ǹṣì. Bàbá ẹ ló pariwo jù." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá bá wa di okùn mú. Lọ́jọ́ pátì, ó jókòó sí géètì lórí àga wa, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo ẹni tó wakọ̀ wá ló ń na kọ́kọ́rọ́ sí i kó tó rí ìgò. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì mu mọ́ọ̀tì nìkan, mo dúró tì í títí tó fi gbé e mì. Nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, èmi ni mo bu ẹran, Bàbá Onígi ni mo sì kọ́kọ́ fún. Èyí tó tóbi jù ni.

Nígbà tí pátì tán, mánéjà ní kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ òun, tíì lásán ni òun mu. Bàbá Onígi wo ife rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Ó tú ewúrẹ́ sílẹ̀. Bàbá mi, ẹ ì bá wà níbẹ̀! Mánéjà lé e yí bọ́ọ̀sì ká lẹ́ẹ̀mẹta. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, táì rẹ̀ dé ẹ̀yìn. Àwọn ará ẹ̀ka ẹ̀rọ ń pariwo pé, "Oga, hold am for leg! E dey your right!" Ewúrẹ́ gun orí àga tá a tò jọ, ó dúró lókè ńbẹ̀, ó ń jẹ nǹkan lẹ́nu, ó ń wo díákónì. Àga kò ṣẹ́. Mánéjà fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀sì, ó mí gúlegúle, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ jókòó láàárín àwọn tí ń gbálẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó jáde ní géètì, òun ló ń dá orin fún wọn.

Èmi náà ti ní mọ́tò kékeré kan báyìí, Bàbá mi, ògbólógbòó ni. Ìgò kan péré ni mo mu, ojú mi dá, ewúrẹ́ náà sì ti sọ̀ kalẹ̀, ó wà nítòsí mi, mo lè nawọ́ mú un. Mo fẹ́ nawọ́ ni Bàbá Onígi gbé igi rẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ta ló máa sìn mí délé báyìí?" Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń sin òun ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn tí gbogbo àlejò bá ti lọ, tí àwa ọmọ ti ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń fi igi rìn, ẹ ò jẹ́ kí òun dá lọ sílé rí.

Mo fi kọ́kọ́rọ́ mi sílẹ̀ lọ́rùn ewúrẹ́. Mo di Bàbá Onígi lápá mú, a kọjá géètì, oòrùn ṣì wà lókè, à ń lọ jẹ́jẹ́, ó ń sọ fún mi bí ẹ ṣe máa ń kọrin burúkú lójú ọ̀nà. A kọjá kọ́nà tí gọ́tà wà. Ó fi igi tọ́ka sí i, a sì ń bá ọ̀nà wa lọ. Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tó tì í láti inú, tó sì ké sí mi pé òun ti délé. Ìgbà yẹn ni mo tó yíjú padà.

Ẹ sùn re, Bàbá mi. Ó délé o.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tí ẹ nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì wá mọ ìdí rẹ̀.